Omi Ẹ̀kúnwọ́ Kan Lẹ́nu Ọmọ

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé a ò rí ọ̀nà márosẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ìró tírélà ń wọ inú yàrá bí ẹni pé àárín ilé ni wọ́n ń gbà kọjá. Kùrukùru funfun bo orí páànù gbogbo ilé tó wà ládùúgbò náà n'Ìbàfò. Eruku ti bà sórí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo gbé síta. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là. Nígbà tí mo sì wo ọmọ ọwọ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé ètè tirẹ̀ náà ti gbẹ, awọ rẹ̀ ń ṣí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ètè yẹn ni mo kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ọmọ mi obìnrin ni mo wà. Ifọ̀ ni ilé tèmi, ògì ni mo ń ṣe níbẹ̀, mo ti ń sẹ́ ẹ láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ. Nígbà tí ọmọ mi bímọ, mo fi asẹ́ mi kọ́ sára ògiri, mo di ẹrù mi, mo wá bá a tọ́jú ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe wá bá èmi náà. Ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni wọ́n ń gbé, ọkọ rẹ̀ a sì ti jáde lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọwọ́ tí mo ní, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ní àdúgbò wa n'Ifọ̀, èmi ni wọ́n máa ń gbé ọmọ tó kọ àgbo wá bá. Màá tẹ́ ọmọ sórí itan, màá ká àtẹ́lẹwọ́ mi bí igbá sábẹ́ ètè rẹ̀, màá da àgbo sí i, màá sì rọ ọ́ títí yóò fi tán. Bó sunkún, bó tàpá, yóò gbé e mì. Àwọn ìyàwó kéékèèké a máa sọ pé, "Màmá, ọwọ́ yín yìí kì í ṣe lásán." Inú mi a sì máa dùn. Ògì, àgbo, omi gbígbóná, mi ò lè ka iye ọmọ tí mo ti fi ọwọ́ yìí rọ.

Ọjọ́ tí mo dé Ìbàfò ni ọmọ mi ti sọ fún mi pé, "Màámi, ọmú nìkan ni ọmọ yìí máa mu fún oṣù mẹ́fà o. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọmọ ológì ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan ògì? Èwo nínú ẹ̀yin mẹ́fà ni mi ò fún lómi? Ta ló kú nínú yín?"

"Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀ mà."

"Nọ́ọ̀sì yẹn bí mélòó?"

Láti ọjọ́ yẹn, kì í fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi. Bó bá ń lọ fa omi, ó ti pọ̀n ọ́n. Bó bá ń dáná, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú èéfín. Bí mo bá ń wẹ ọmọ, yóò dúró tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, ojú rẹ̀ á wà lára ọwọ́ mi. Ó dùn mí gan-an. Mo ní ìwé tó kà ló ń gun orí rẹ̀. Mo kàn ń fọ aṣọ ìdí ọmọ ọwọ́ lọ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ yìí, ó ní òun fẹ́ sáré wẹ̀. Ọmọ ti sùn, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ tó jáde ni ọmọ jí, òsúkè sì mú un. Òsúkè náà le, gbogbo ara rẹ̀ ń fò sókè. Mo já fọ́nrán òwú létí ìró mi, mo fi itọ́ rin ín, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí bí a ṣe máa ń ṣe. Òsúkè kò dúró. Mo tún wo ètè gbígbẹ yẹn. Mo ní irú ìyà wo nìyí. Omi tí mo sè wà nínú fúláàsì, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan péré, mo rọ ọ́.

Ó gbé e mì. Òsúkè dúró. Ó ń lá ètè rẹ̀, ó ń wò mí. Inú mi dùn bíi kí n kọrin.

Ọmọ mi wọlé pẹ̀lú táwẹ́lì ní àyà. Ó rí àgbọ̀n ọmọ tó tutù.

"Màámi, kí ni mo ń wò lẹ́nu rẹ̀ yìí?"

"Omi ni. Òsúkè ló mú un."

"Omi ìwẹ̀ ló ta sí i lẹ́nu?"

"Omi mímu ni mo ní. Ẹ̀kúnwọ́ kan. Ṣé o fẹ́ pè mí lẹ́jọ́ ni?"

Ó rọra jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó tutù yẹn pẹ̀lú ara tútù. Kò pariwo. Ó ní, "Màámi, gbogbo ohun tí mò ń sá fún láti ọjọ́ tí mo ti lóyún, ẹ ti ṣe é tán."

Nígbà yẹn ló wá sọ fún mi. Ó ní nígbà tí oyún wà nínú òun, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò níbi tó ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń fa éèdì wà nínú rẹ̀. Wọ́n yẹ ti ọkọ rẹ̀ náà wò, bákan náà ni. Oògùn tó ní ti ẹ̀jẹ̀ ni, tí mo ti rí i tó ń lò, oògùn rẹ̀ nìyẹn.

Mo jókòó tì í nílẹ̀. Mo ní, "Ọmọ ńkọ́?"

"A ò tíì mọ̀. Wọ́n kán oògùn sí i lẹ́nu nígbà tí mo bí i. Wọ́n ní kí n yan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọmú, kó jẹ́ ọmú nìkan. Bó bá jẹ́ mílíìkì inú agolo, kó jẹ́ mílíìkì nìkan. Níbo ni màá ti rí mílíìkì oṣù mẹ́fà? Ṣé omi kànga yìí ni màá fi pò ó? Ni mo bá mú ọmú. Wọ́n ní èyí tó léwu jù ni pé kí n máa fún un lọ́mú kí n tún máa fi omi tàbí àgbo tàbí ògì kún un, pé bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà ṣe ń rọ́nà wọ ara ọmọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni tí mi ò bá fẹ́ sọ fún. Ọkọ mi náà ń bẹ̀rù kó má dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Èmi ni ẹnikẹ́ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ ju ẹ̀rù lọ. Mi ò bínú nítorí àìsàn. Àìsàn kì í yan ẹni tí yóò ṣe. Ohun tó bí mi nínú ni pé odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ọmọ tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bẹ nídìí rẹ̀ sínú ilé kan náà pẹ̀lú ọwọ́ mi yìí, tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún ọwọ́. Mo ní kó wọṣọ, ká lọ bá nọ́ọ̀sì náà.

Ilé ìwòsàn tó ń lọ kò sí n'Ìbàfò. Mówè ló wà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ibẹ̀ ni, kí ará àdúgbò má bàa rí i lórí bẹ́ńṣì. Ọ̀kadà kan ló gbé wa, ọmọ wà láàárín wa nínú ṣọ́ọ̀lù, ọlọ́kadà ń fọn fèrè bí a ṣe ń lọ nítorí kùrukùru. Mò ń to ọ̀rọ̀ mi lójú ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì náà kò tíì tó ọmọ mi kẹrin lọ́jọ́ orí. Ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi ṣe rọra sọ fún un pé ọmọ ti mu omi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìwọ, ṣé mi ò sọ fún ẹ ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ ọ́? Ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí kó o ni?"

Gbogbo obìnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì yí ọrùn. Ọmọ mi sorí kọ́. Wọ́n ní kó pa á mọ́ fún ìyá tó bí i, ẹni tó ní kó pa á mọ́ wá ń kígbe rẹ̀ létí gbogbo ayé.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé. Èmi ni mo fún ọmọ lómi. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí, kẹ́ ẹ sì wí mi nínú yàrá."

A wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi, kó má da gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé lóòótọ́. Ó ní inú ìfun ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́ gan-an. Ọmú nìkan kì í pa á lára, ó tilẹ̀ ń bò ó ni. Ṣùgbọ́n omi, àgbo, ògì, mílíìkì màlúù, wọ́n lè ha á, wọ́n sì lè kó ìdọ̀tí wọ̀ ọ́. Ibi tó bá ha yẹn ni kòkòrò tó wà nínú ọmú ń gbà kọjá sínú ẹ̀jẹ̀.

Ó yé mi kíá. Bí aṣọ asẹ́ ògì bá ya, bó ti wù kí ihò náà kéré tó, èérí yóò gba ibẹ̀ kọjá. O lè má rí ihò náà lójú. Ìdí ìkòkò ni wàá ti rí i.

Mo ní, "Ẹ̀kúnwọ́ tèmi ńkọ́? Ṣé ó ti ya á?"

Ó wò mí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, ẹ̀kúnwọ́ omi sísè kan kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Mi ò lè sọ pé kò sí nǹkan, mi ò sì lè sọ pé ó ti kó o. Ẹ má ṣe é mọ́. Kó má torí ẹ̀rù já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ o. Kó máa mu ọmú nìkan lọ. Kí ìyá rẹ̀ máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí orí ọmú bá là, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó wú, kó yára wá sọ́dọ̀ wa, kó má fi èyí tó ń dùn ún fún ọmọ. Kó fún un dànù títí yóò fi san, kó fi ọ̀kan tó kù bọ́ ọ. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbé e wá gba oògùn tirẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ padà wá ká jọ sọ bí oúnjẹ á ṣe wọlé."

"Òsúkè ńkọ́?"

"Òsúkè á lọ fúnra rẹ̀. Tàbí kó fún un lọ́mú."

"Ètè tó gbẹ ńkọ́? Ọyẹ́ nìyí."

"Omi wà nínú ọmú mà. Tó bá ń gbẹ ẹ́ lẹ́nu, kó túbọ̀ máa fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà tó parí ni inú tó ń bí mi wá ru sókè gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni gbogbo rẹ̀!

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín dára. Ta lẹ sọ ọ́ fún kí n tó dé?"

"Ìyá ọmọ."

"Ìyá ọmọ ló ni ọmú. Ta ló ni ọwọ́?"

Kò yé e. Mo nawọ́ sí àwòrán ńlá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá náà; irú rẹ̀ kan wà níta lókè bẹ́ńṣì. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń fún ọmọ lọ́mú, òun nìkan lórí àga, kò sí ẹlòmíràn. Mo ní, "Ilé ta nìyí? Ta ló bímọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó dá jókòó ti ọmọ báyìí? Ìyá rẹ̀ dà? Ìyá ọkọ rẹ̀ dà? Ẹ kọ́ ẹni tó ni ọmú, ẹ ò kọ́ ẹni tó ń di ife mú. Ẹ wá fi ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nìkan kojú gbogbo àwa àgbà, pé kó máa bá wa jà ní oṣù mẹ́fà láìsọ ìdí."

Ó ní, "Màmá, àṣírí aláìsàn ni. Mi ò lè pè yín kí n sọ fún yín."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ àìsàn ẹnikẹ́ni? Ṣé àwọn tí ara wọn le, ṣé ẹ̀ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fún ọmọ lómi?"

"Rárá. Ọmú nìkan là ń sọ fún gbogbo wọn, aláìsàn àti ẹni tára ẹ̀ le."

"Nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún gbogbo ìyá àgbà tó bá gbé ọmọ wọ ibí? Ẹ kàn ní kí wọ́n jókòó, kẹ́ ẹ sọ ọ́. Àṣírí ta ló tú nínú ìyẹn?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ní kó wo ìta. Àgbàlagbà obìnrin mẹ́ta ló jókòó lórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ọmọ wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé fúláàsì. Ọ̀kan ti ṣí tirẹ̀, ó ń fi ìdérí rẹ̀ bu omi fún ọmọ ọwọ́ kan, lábẹ́ àwòrán náà gan-an, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ọmọ náà ń gbé e mì. Ojoojúmọ́ ni nọ́ọ̀sì yìí ń gba ibẹ̀ kọjá. Èmi náà mà ni mo jókòó síbẹ̀ yẹn, àfi pé ìró wa kò jọra.

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ má bínú mà." Ó jáde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá náà ń wò ó bí mo ṣe wo ọmọ mi lọ́jọ́ tí mo dé: nọ́ọ̀sì yìí bí mélòó?

Bí a ṣe délé, ẹ̀rù mìíràn ló tún ń ba ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ọmọdé l'Ékòó, ti ránṣẹ́ pé òun yóò yà lọ́la bí òun bá ń lọ síbi àdúrà ní Kámpù, òun yóò gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló ti ń bínú pé wọn ò rọ ọmọ náà. Ó ní lójú gbogbo èrò pé, "Ìyàwó, ṣé kànga ni ọmú tìrẹ, tí kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín yẹn lọ́jọ́ náà, ojú tì mí.

"Bí mo bá ní mi ò gbà, á bi mí léèrè ìdí," ni ọmọ mi wí. "Bó bá mọ ìdí, gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ kọ́ ló máa kọ̀ ọ́," mo ní. "Lọ fún ọmọ lọ́mú."

Kí n tó sọ tọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n fi ọkàn yín balẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ò fi ọkàn tèmi balẹ̀ nígbà yẹn. Títí ọmọ náà fi pé ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó lè sọ fún wa ní àsọdájú, kò sí òru tí mi ò ronú kan ẹ̀kúnwọ́ omi yẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí. Ó ti ń lọ sí iléèwé, ó sì burú lẹ́nu bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ wà, wọ́n ń lo oògùn wọn. Ọmọ mi gan-an ló ní kí n sọ ọ́, pé kí n má ṣáà dárúkọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ṣì wà. Mo ti gbé bàsíà omi gbígbóná sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ti bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó wà lórí itan mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ kan ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó bọ́ sí àkókò tó máa dé. Ó gbé ìgò ike kan lọ́wọ́, àgbo inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú mà. Ẹ gbé e fún mi, kí n rọ ọ́ kí n tó máa lọ."

"Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfẹ́," mo ní. "Ẹ gbé e wá."

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí i. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú omi ìwẹ̀, títí kan ewé tó wà nísàlẹ̀.

Ó ní, "Màmá, inú ni ti àgbo yẹn, kì í ṣe ara."

"N'Ifọ̀, èmi ni wọ́n ń gbé ọmọ wá bá láti rọ," mo ní. "Bí mo bá sọ pé ara ni ti ọmọ yìí títí oṣù mẹ́fà, ara náà ni."

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹnu rẹ̀."

Ó wo ọmọ mi. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Ó tún wo èmi, mo ń fi àgbo bọ ẹ̀yìn ọmọ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mi ò gbójú sókè. Ó jókòó díẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn, ó ní èrò ń dúró de òun ní ìdíkọ̀, ó sì lọ.

Mo nu ọmọ gbẹ, mo fi òrí pa á lára. Mo fi díẹ̀ ra ibi tó là lẹ́bàá ètè rẹ̀. Òsúkè tún mú un. Mo gbé e fún ìyá rẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sì ká ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan títí òsúkè náà fi dúró.